Ọ̀pẹ náà gbọ́dọ̀ fọhùn: Ẹ má yọ ọmọ kúrò níwájú ọ̀gá nínú ìdíje ṣẹ́ẹ̀sì

Ẹni tó bá dé ibi tí wọ́n ti ń ta ayò nílẹ̀ Yorùbá kò gbọdọ̀ kọjá láìkí wọn. Ohun tí yóò sọ ni pé, "Mo kọ́ta, mo kọ́pẹ." Ọ̀ta ni ẹni tó mọ ayò ta, ọ̀pẹ sì ni ẹni tí wọ́n ń pa láyò ṣáá. Èsì táwọn àgbà máa ń fọ̀ ni pé ọ̀ta ló ń jẹ́, ọ̀pẹ ò gbọdọ̀ fọhùn. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ á rẹ́rìn-ín, ayò á sì máa lọ. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ìkíni yìí, n kò sì rí ohun tó burú níbẹ̀ rí, àfi lọ́jọ́ Sátidé kan báyìí nílùú Ògèrè Rẹ́mọ, nígbà tí wọ́n fẹ́ fi èsì náà ṣe òfin fún ọmọdébìnrin kan tí kò ju ọmọ ọdún 11 lọ.

Ayò ọlọ́pọ́n kọ́ ni wọ́n ń ta lọ́jọ́ náà o, ṣẹ́ẹ̀sì ni. Àwọn ọ̀dọ́ kan ló kó ara wọn jọ, wọ́n gba gbọ̀ngàn kan, wọ́n to tábìlì àti bẹ́ǹṣì síbẹ̀, wọ́n sì ránṣẹ́ sáwọn tó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì ní Ṣágámù, Ìkẹ́nnẹ́, Ìpẹru àti Ìlíṣàn. Èèyàn 32 ló forúkọ sílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Ògèrè, ẹ mọ bí ariwo tírélà ṣe máa ń dún wá láti òpópónà Èkó sí Ìbàdàn, débi pé ẹni tó ń ka orúkọ ní láti pariwo ká tó gbọ́ ọ. Nígbà tó ka orúkọ àwọn tí yóò kojú ara wọn ní abala àkọ́kọ́, orúkọ ọmọ náà bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ti bọ̀dá kan tó wá láti Èkó, ẹni tí gbogbo wa mọ̀ pé kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ta tó o nínú gbọ̀ngàn náà.

Ni ìyá ọmọ náà bá dìde. Obìnrin tó ń se oúnjẹ tà fáwọn awakọ̀ tírélà ni. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dójú ti ọmọ mi níṣojú gbogbo ayé." Ọ̀kan nínú àwọn tó ṣètò ìdíje náà sì ti ń mi orí pé òótọ́ ni, kí wọ́n wá ẹgbẹ́ ẹ fún un. Mi ò bá ìyá náà wí. Ìyá ni, ohun tí ìyá máa ń ṣe ló ṣe. Àwọn tó fẹ́ gbà fún un ni mo ní ọ̀rọ̀ bá sọ, nítorí pé wọ́n mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí wọ́n ṣe ń pín àwọn èèyàn nínú irú ìdíje bẹ́ẹ̀ nìyí. Swiss ni wọ́n ń pè é, wọn kì í sì í lé ẹni tó bá pàdánù lọ sílé. Wọ́n á to orúkọ gbogbo èèyàn látorí ẹni tó lágbára jù dórí ẹni tó kéré jù, wọ́n á wá pín in sí méjì. Ní abala àkọ́kọ́, ẹni àkọ́kọ́ nínú ìdajì tòkè ni yóò pàdé ẹni àkọ́kọ́ nínú ìdajì tìsàlẹ̀. Tí wọ́n bá jẹ́ 32, ẹni kìíní á pàdé ẹni kẹtàdínlógún, ẹni kejì á pàdé ẹni kejìdínlógún, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó bá borí á máa pàdé ẹni tó borí bíi tirẹ̀, ẹni tó bá fìdí rẹmi náà á máa pàdé irú ẹ̀. Ìyẹn ni pé abala àkọ́kọ́ yẹn gan-an ni àyè tí ọ̀pẹ ní láti jókòó síwájú ọ̀ta. Bó bá ti kọjá, ó lè má rí irú rẹ̀ mọ́ títí ìdíje á fi parí. Ọmọ náà wà ní ipò 17 lórí ìwé. Ipò rẹ̀ ló gbé e débẹ̀, kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni fẹ́ fìyà jẹ ẹ́.

Ẹni tó bá rò pé ìtìjú ni kí ẹni tó kéré jókòó síwájú ẹni tó jù ú lọ fíìfíì, ẹ jẹ́ kó rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ nílùú Tbilisi, lórílẹ̀-èdè Georgia, lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2017. Ìdíje Ife Àgbáyé ti ṣẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Èèyàn 128 ló kópa, ẹni tí wọ́n bá sì ti borí, ilé yá. Magnus Carlsen, ọmọ Norway tó jẹ́ ọba ṣẹ́ẹ̀sì lágbàáyé nígbà náà, ló wà lókè pátápátá lórí ìwé. Ta ni wọ́n wá gbé síwájú rẹ̀ ní abala àkọ́kọ́? Olúwafẹ́mi Balógun, ọmọ Nàìjíríà. Máàkì tí wọ́n fi ń díwọ̀n agbára Carlsen lé ní 2800 nígbà yẹn. Ti Balógun fi ohun tó lé ní 500 dín sí i.

Carlsen pa á lẹ́ẹ̀mejèèjì, 2-0. Ilé ìwé ni mo ṣì wà nígbà náà, mo sì rántí báwọn kan nínú wa ṣe ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́, tí wọ́n ń bèèrè pé kí ló wá lọ. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, mi ò ní purọ́. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka bí wọ́n ṣe ń ṣe ìdíje ni mo tó mọ̀ pé òmùgọ̀ ló ń rẹ́rìn-ín yẹn. Ọkùnrin kan láti Nàìjíríà jókòó síwájú ẹni tó mọ ṣẹ́ẹ̀sì ta jù láyé, tábìlì kan náà, aago kan náà, ọmọ ogun mẹ́jọ mẹ́jọ níwájú oníkálukú. Kò sẹ́ni tó yọ ẹṣin kan kúrò lọ́wọ́ Carlsen kó lè dọ́gba. Láyé àtijọ́ nílẹ̀ Yúróòpù, wọ́n máa ń ṣe irú rẹ̀ dáadáa, ọ̀gá á yọ ẹṣin tàbí ọmọ ogun kan kúrò nínú tiẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Nínú ìdíje, kò sí ìyẹn. 16 ni tìẹ, 16 ni tèmi, kálukú sì mọ ohun tó mọ̀.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó tẹ̀ lé e. Carlsen kan náà yìí pa Aleksey Dreev ti Russia ní abala kejì, ó dé abala kẹta, ó pàdé Bu Xiangzhi, ọmọ orílẹ̀-èdè China. Bu náà kò tó o, máàkì tirẹ̀ fi ohun tó lé ní 100 dín sí ti Carlsen. Bu fi bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ rúbọ kó lè ya ilé tí ọba Carlsen sá pamọ́ sí, ó sì pa á. Wọ́n ta ọ̀mì nínú èkejì, ọba ṣẹ́ẹ̀sì lágbàáyé sì di ẹrù rẹ̀. Levon Aronian ló padà gba ife náà.

Kí ló fa ìyàtọ̀ láàárín Bu àti Balógun? Àwọn kan á ní orí ni. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Bu ti di Grandmaster láti ọmọ ọdún 13, lọ́dún 1999, látìgbà náà ló sì ti ń bá àwọn tó jù ú lọ ta á, tí wọ́n ń pa á, tóun náà ń pa wọ́n. Nígbà tó fi máa dé iwájú Carlsen, irú ojú bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí i mọ́. Ọmọ Nàìjíríà tó fẹ́ pàdé irú wọn, owó ọkọ̀ òfuurufú àti físà ló máa kọ́kọ́ bá figagbága kó tó kan ṣẹ́ẹ̀sì.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé máàkì yìí díẹ̀, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ Ògèrè wà. Arpad Elo, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ físíìsì tí wọ́n bí ní Hungary ṣùgbọ́n tó gbé ní Amẹ́ríkà, ló gbé ìṣirò náà kalẹ̀, àjọ FIDE tó ń darí ṣẹ́ẹ̀sì lágbàáyé sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó lọ́dún 1970. Bí máàkì ẹni méjì bá dọ́gba, ìṣirò náà ń retí pé kí wọ́n pín in ní ìdajì ìdajì. Bí ọ̀kan bá fi 200 ju èkejì lọ, ó ń retí kó gba nǹkan bíi 76 nínú 100. Bó bá fi 400 jù ú lọ, 92 nínú 100. Ẹ wo 8 tó ṣẹ́ kù yẹn dáadáa. Ìṣirò ọ̀gbẹ́ni Elo fúnra rẹ̀ kò sọ pé ọ̀pẹ ò gbọdọ̀ fọhùn. Ohun tó sọ ni pé yóò fọhùn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, pàápàá bí wọ́n bá jẹ́ kó jókòó síbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà.

Ohun tó ń ba nǹkan jẹ́ ni pé ọ̀ta kì í fẹ́ jókòó. Ẹni tí máàkì rẹ̀ ti dé 2400 rí, tó bá pa ẹni tó fi 400 dín sí i, kò rí ju 0.8 lọ kó sápò. Bí ọ̀pẹ yẹn bá lọ pa á, 9.2 ló máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pẹ á sì kó 18.4, bó bá jẹ́ ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 18, ó lè tó 36.8. Èrè kékeré, àdánù ńlá. Ẹ sọ fún mi, ọlọ́jà wo ló máa ná irú ọjà bẹ́ẹ̀? Ìdí nìyí táwọn ọ̀gá wa kan fi máa ń bèèrè orúkọ àwọn tó ń bọ̀ kí wọ́n tó gbà láti wá. Síbẹ̀, lọ́dún 2025, Hikaru Nakamura ti Amẹ́ríkà, ẹni tó wà ní ipò kejì lágbàáyé, lọ kópa nínú àwọn ìdíje kéékèèké ní Louisiana àti Iowa láàárín àwọn tí kò tó o rárá. Kì í ṣe inú rere ló gbé e lọ o. Ó ní láti ta tó 40 lọ́dún náà kó tó lè fi máàkì rẹ̀ wọ ìdíje Candidates ti ọdún 2026. Àwọn kan bínú sí i, FIDE sì yí òfin ìṣirò náà padà lóṣù Kẹwàá fáwọn tó bá dé 2650. Àwọn tó bínú ní ẹjọ́ tiwọn. Èmi ń ro ti àwọn tó bá a jókòó ní Louisiana, tí wọ́n pàdánù, tí wọ́n sì mú ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí lọ sílé lọ fi han ọmọ wọn.

Òfin kan tún wà tó ká mi lára ju gbogbo rẹ̀ lọ. Kí orúkọ èèyàn tó lè wọ ìwé FIDE rárá, ó kéré tán ó gbọ́dọ̀ ta márùn-ún pẹ̀lú àwọn tó ti ní máàkì tẹ́lẹ̀, nínú ìdíje tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ náà. Láti oṣù Kẹta ọdún 2024, máàkì tó kéré jù tí wọ́n sì ń kọ sílẹ̀ ni 1400. Ẹ rò ó wò. Bí ẹni tó ní máàkì kò bá wá sí Ògèrè, tàbí tó bá wá tá a yọ àwọn ọmọ wa kúrò níwájú rẹ̀, ọmọ Ògèrè lè ta ṣẹ́ẹ̀sì fún ogún ọdún, kó mọ̀ ọ́n ta ju gbogbo Rẹ́mọ lọ, kó má sì sí níbì kankan nínú ìwé. Ọ̀tọ̀ ni ká pa ọ̀pẹ láyò. Èyí tá à ń ṣe yìí, ṣe là ń sọ pé a kò bí i.

Mo mọ ohun táwọn olùkọ́ kan máa sọ. Wọ́n á ní bí wọ́n bá pa ọmọdé lápajù, ọkàn rẹ̀ á kúrò níbẹ̀, pé ó dáa ká pín wọn sí ìsọ̀rí, ọmọdé pẹ̀lú ọmọdé, àgbà pẹ̀lú àgbà. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà tí wọ́n pa lẹ́ẹ̀meje nínú méje lọ́jọ́ kan, ó ṣeé ṣe kó má padà wá. Ṣùgbọ́n nínú Swiss, ẹni tí wọ́n pa ní abala àkọ́kọ́ á padà sáàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ láti abala kejì lọ, ó ṣì máa rí ẹni tóun náà á pa. Àwọn míì á ní ọmọ lè fi fóònù kọ́ ọ, kọ̀ǹpútà kan kì í kúkú kọ ẹnikẹ́ni. Mo gbà. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kì í làágùn, kì í wo aago, kì í gbọ̀n lọ́wọ́ bó bá rí i pé òun ti ṣe àṣìṣe, máàkì FIDE kò sì sí nínú eré tí ọmọ bá dá ta pẹ̀lú rẹ̀.

Èyí tó burú jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti ọ̀gá tó máa mọ̀ọ́mọ̀ fi ayaba rẹ̀ sílẹ̀ kí ọmọdé lè jẹ ẹ́, kí wọ́n lè pàtẹ́wọ́. Ẹ̀yin bọ̀dá wa, ẹ̀yin àǹtí wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é mọ́. Ọmọ náà á mọ̀. Bí kò mọ̀ lónìí, á mọ̀ lọ́la nígbà tó bá ń wo ìwé tó kọ ọ́ sí.

A kúkú mọ bó ṣe yẹ ká ṣe é nínú bọ́ọ̀lù. Remo Stars tó wà ní Ìkẹ́nnẹ́ níbí yìí gba ife líìgì Nàìjíríà ní sáà 2024/2025, wọ́n sì lọ fún ìdíje CAF Champions League. Lóṣù Kẹwàá ọdún 2025, Mamelodi Sundowns ti South Africa gbá wọn ní 5-1. Ó dun gbogbo Rẹ́mọ, àmọ́ mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé kò yẹ kí wọ́n bá irú wọn gbá a. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn ni pé kí wọ́n tún lọ, kí wọ́n lọ léraléra. Kí ló wá dé tó jẹ́ pé bó bá di ti ṣẹ́ẹ̀sì, ìtìjú là ń rò?

Kì í kúkú ṣe pé a kò ráyè gbọ́ nípa ṣẹ́ẹ̀sì mọ́. Látìgbà tí Túndé Onakoya, ẹni tó dá Chess in Slums Africa sílẹ̀ lọ́dún 2018, ti jókòó fún wákàtí 60 ní Times Square nílùú New York lóṣù Kẹrin ọdún 2024, ojú tí ọ̀pọ̀ òbí fi ń wo eré yìí ti yàtọ̀. Àwọn ọmọ ń kọ́ ọ. Ìbéèrè tó kù ni pé, lẹ́yìn tí wọ́n bá kọ́ ọ tán, ta ni wọ́n máa bá ta á?

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ní owó gọbọi nínú. Kí àjọ tó ń darí ṣẹ́ẹ̀sì ní Nàìjíríà àti àwọn tó ń bójú tó eré ìdárayá ní ìpínlẹ̀ Ògùn ṣètò ìdíje tí FIDE mọ̀ sí, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́ta mẹ́ta, nílẹ̀ Rẹ́mọ. Gbọ̀ngàn kò wọ́n wa. Yunifásítì Babcock wà ní Ìlíṣàn, Mayflower wà ní Ìkẹ́nnẹ́. Kí wọ́n san owó ọkọ̀ fún bíi mẹ́wàá nínú àwọn tó ní máàkì láti Èkó, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Kí wọ́n sì fi kún àdéhùn wọn pé lẹ́yìn tí ọ̀gá bá pa ọmọ tán, kò gbọdọ̀ dìde, kó fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá bá a wo ibi tó ti ṣì í. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn ju ọ̀pọ̀ ìwé lọ. Ọ̀nà ọkọ̀ kò sì lè jẹ́ àwáwí fún Ògèrè, ojú títì márosẹ̀ la wà.

Lọ́jọ́ Sátidé tí mò ń sọ yìí, ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló parí ọ̀rọ̀. Ó ti lọ jókòó síwájú bọ̀dá náà nígbà táwọn àgbà ṣì ń jiyàn, ó ti to àwọn ọmọ ogun rẹ̀ dáadáa. Ìyá rẹ̀ wò ó, ó pòṣé, ó padà sídìí ìkòkò rẹ̀. Wọ́n ta á. Bọ̀dá ò dẹ ọwọ́. Ọmọ náà pàdánù ẹṣin kan láàárín, ó di ọ̀kan mọ́wọ́, ó ń jà, ó tó ìgbésẹ̀ 38 kí ọba rẹ̀ tó há.

Nígbà tí wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́ tán, bọ̀dá náà fẹ́ dìde. Ọmọ náà ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ká ní ibí ni mo gbé ẹṣin mi sí ńkọ́?" Bọ̀dá padà jókòó. Ó gbé ẹṣin náà síbẹ̀, ó wò ó, ó tún wò ó. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Àbúrò, dúró ná." Àwọn méjèèjì wà lórí rẹ̀ títí wọ́n fi pè wọ́n fún abala kejì.

Bọ̀dá ní máàkì FIDE. Ọmọ ò ní. Wọn kò fi orúkọ ìdíje náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ kankan, nítorí náà kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé wọ́n jọ ta á lọ́jọ́ náà, àfi inú ìwé tí ọmọ náà fi gègé kọ, tó ká mọ́ inú àpò aṣọ rẹ̀. Kó tó lọ, ó bi àwọn tó ṣètò náà pé ìgbà wo ni òmíràn. Wọ́n ní bí àwọn bá rí gbọ̀ngàn, àwọn á pè é.